Láti Màpó dé Láyípo, pẹ̀lú Ẹsẹ̀ Ouagadougou

Ìlú Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso, tí mò ń gbé yìí tẹ́jú débi pé afárá ńláńlá tí wọ́n kọ́ sí oríta fún ọkọ̀ nìkan ni òkè tí mo máa ń gùn láàárín ọdún. Bí eruku ọyẹ́ kò bá bo ojú títì, ẹni tó jókòó síwájú ilé rẹ̀ yóò ti rí àlejò lórí alùpùpù láti òpin àdúgbò, yóò sì ti ráyè pinnu bóyá òun wà nílé tàbí òun kò sí. Bí wọ́n bá ní kí o máa lọ tààrà níbẹ̀, tààrà náà ni.

Ètò tún wà pẹ̀lú. Láyé ìjọba Thomas Sankara, ààrẹ orílẹ̀-èdè náà nígbà kan, ni wọ́n pín ìlú sí secteur 30, tí wọ́n fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ àdúgbò. Lọ́dún 2012 wọ́n tún un pín, ó di 55. Òpópónà pàápàá ní nọ́ńbà: ti secteur á ṣáájú, tirẹ̀ á tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ràn ètò yìí gan-an. Ìṣòro rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò sẹ́ni tó ń lò ó. Gounghin, Dapoya, Zogona, Tampouy ni gbogbo ayé ń pè é. Bí mo bá fi nọ́ńbà júwe ilé mi fún onítakisí aláwọ̀ ewé, á rò pé ẹṣin tí yóò jẹ tẹ́tẹ́ lọ́la ni mò ń kà fún òun. Ọ̀nà ọlọ́dà wo ló sún mọ́ ni yóò béèrè. Ìyókù, àwọn ọ̀nà eléruku pupa tí wọ́n ń pè ní six-mètres, kò kà wọ́n sí. Síbẹ̀ àwọn náà tọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló fi okùn wọ̀n wọ́n.

Ní ìlú yìí kan náà, Moro Naaba, ọba àwọn Mossi, máa ń dìde ìrìn àjò ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n á di ẹṣin ní gàárì, kábíyèsí á jáde nínú aṣọ pupa, àwọn ìjòyè á bẹ̀ ẹ́ kó má lọ, á wọlé lọ pààrọ̀ sí aṣọ funfun, ó parí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe é, ọba kò sọnù rí, nítorí kì í kúrò lójúde.

Ojú àti ẹsẹ̀ tí ọ̀nà tààrà ti mọ́ lára báyìí ni mo kó lọ sí Ìbàdàn fún ìsinmi. Mo dúró níwájú gbọ̀ngàn Màpó, ilé olópòó tí wọ́n parí lọ́dún 1929, èyí tí òyìnbó Taffy Jones kọ́ tagbáratagbára débi tí àwọn ará ìlú fi sọ ọ́ ní wèrè Màpó. Láti ibẹ̀ mo rí ilé ìṣọ́ Láyípo lórí Òkè Aàrẹ lọ́ọ̀ọ́kán. Mo fi ojú ara mi rí i. Ní Ouagadougou, ohun tí o bá ti rí, o ti dé ibẹ̀ tán. Ní Ìbàdàn, ohun tí a rí àti ibi tí a ó dé kì í ṣe ọmọ ìyá.

Mo sọ̀ kalẹ̀ sí Bẹẹrẹ, mo yà wọ àárín ilé. Láyípo pòórá lójú ẹsẹ̀. Fóònù mi fa ìlà búlúù kan, ìlà náà sì wọ inú ògiri ilé onílé lọ. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ògiri náà. Ọ̀nà di àtẹ̀gùn, àtẹ̀gùn di ojú àgbàrá, ojú àgbàrá di ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n sá èlùbọ́ sí. Bí o ṣe ń rìn lo ń kí èèyàn, torí pé inú ilé wọn lo wà. Nígbà tí mo fi máa jáde sí títì, Bẹẹrẹ náà ni. Awakọ̀ Micra kan tó ń dúró de èrò wò mí títí. "Ọ̀gá, ẹ̀yin kọ́ lẹ kọjá níbí lẹ́ẹ̀kan?" Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ilé àwọn baba wa náà ní nọ́ńbà o, ẹ má jẹ́ kí ará Ouagadougou fi yangàn sí yín. Lẹ́tà ló ń ṣáájú, N tàbí SW tàbí E, wọ́n á sì kùn ún mọ́ ògiri. Mo ka ọ̀pọ̀ lára wọn lọ́jọ́ náà. Mo wá lọ bá màmá àgbà kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀, màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo máa gbà dé Láyípo?"

"Ta lo ń wá níbẹ̀?"

"Mi ò wá ẹnì kankan, mà. Mo kàn fẹ́ wò ó ni."

Màmá kọjú sí aládùúgbò rẹ̀. "Ìyá Ríṣí, ẹ bá mi gbọ́ o. Láyípo ló fẹ́ wò."

"Ṣé ó ń ṣe é ni? Ọmọ ta ni?"

Ibi tí mo ti rí wàhálà nìyẹn. Mo dárúkọ ìdílé bàbá mi. Ọ̀kan ní ti Kúdẹtì ni wá, èkejì ní irọ́ ni, ti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni. Wọ́n fún mi lómi mu kí ẹjọ́ tó parí. Ọ̀nà tí wọ́n wá júwe rèé: kí n gba ẹ̀yìn ilé tí wọ́n wó, kí n yà lọ́wọ́ ọ̀tún níbi tí ìyá alámàlà ń tà sí kó tó kú, lẹ́yìn náà kí n béèrè ilé mọ́gàjí. Gbogbo àmì tí wọ́n fún mi ló ti lọ sọ́run, àfi mọ́gàjí. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ wí? Ìlú tó ní Ìdí Arẹrẹ, Ìdí Ìkan àti Ìdí Àpẹ́, mélòó nínú àwọn igi yẹn ló ṣì wà ní ìdúró?

Àánú ṣe màmá, ó fi ọmọ-ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé mi. Ọmọ náà ń gun òkè, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Èmi ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ṣé kò sí òkè níbi tí ẹ ti ń bọ̀ ni?"

"Kò sí."

"Kí lẹ wá máa ń gùn?"

"Alùpùpù."

Láyípo, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1936 ní ìrántí Captain Bower, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, tún ní àtẹ̀gùn 47 nínú, èyí tó ń yí po. Mo gùn ún pẹ̀lú ìkanra. Lókè níbẹ̀, òrùlé pánù pupa lọ salalu, Cocoa House alájà 26 dúró ní Dùgbẹ̀, Màpó wà lọ́ọ̀ọ́kán, gbogbo ọ̀nà sì hàn kedere. Ibi tí n kò ti nílò wọn mọ́ ni wọ́n ti hàn. Mo rò ó títí, mo sì rí i pé n kò lè dá ìlú lẹ́bi. Àwọn jagunjagun tó tẹ Ìbàdàn dó ní nǹkan bí ọdún 1829 ń wá ibi tí ọ̀tá kò ti ní tètè rí wọn. Wọ́n rí i. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, n kò ní kí ẹ tẹ́ òkè o. Ẹ ṣáà jọ̀wọ́, ẹ kan àwo kan ṣoṣo mọ́gi ní Bẹẹrẹ, kí ẹ kọ "Láyípo" sí i pẹ̀lú ọfà. Bí ẹ bá sì kàn án, ẹ má fi nọ́ńbà sí i.