Sọ́kẹ́ẹ̀tì Olójú Mẹ́ta, Méjì Ló Ń Ríran

Ẹ má bínú pé mo wọ bàtà nínú ilé ìdáná ara mi. Ọdún kẹta rèé tí a kó wá sí ilé yìí ní Ìbàdàn, kò sì sẹ́ni tó ń fi ẹsẹ̀ lásán mu omi tútù lọ́dọ̀ wa. Sílípáàsì rọ́bà kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, òun la fi ń gbàlejò. Ẹni tó bá wọ mọ́ṣáláṣí, á bọ́ bàtà. Ẹni tó bá dé iwájú firíìjì tiwa, kó wọ bàtà. Ẹni tó bá gbàgbé, firíìjì á rán an létí.

Àna mi obìnrin gbàgbé. Wọ́n ti Ìsẹ́yìn dé, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, wọ́n sì ti bọ́ bàtà sẹ́nu ilẹ̀kùn bí ọmọlúàbí. Mo gbọ́ igbe, mo sáré débẹ̀, mo bá wọn tí wọ́n di ọwọ́ ọ̀tún mú bí ẹni tí àkéekèé ta. Wọ́n wo firíìjì, wọ́n wò mí. "Bàbá Ìbejì," ni wọ́n wí, "ṣé torí owó orí tí a gbà lọ́wọ́ yín ni?"

N kò rí ẹjọ́ rò. Mo gba ọ̀dọ̀ bàbá onílé lọ, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń jẹ àgbàdo. "Ẹ wọ sílípáàsì," ni wọ́n wí. Mo ní a ti ń wọ̀ ọ́. Wọ́n ní, "Ẹ wá ra èyí tó nípọn." Wọ́n ní láti 1984 tí ilé àwọn ti dúró, iná kò tíì pa ẹnì kankan níbẹ̀. Àfi bí ẹni pé àwa ni ilé náà ń retí.

Ìyá ìsàlẹ̀ ní firíìjì tàwọn náà máa ń gbé àwọn, ṣùgbọ́n kì í le. Bọ̀ọ̀dá ajíhìnrere tó wà ní yàrá ẹ̀yìn gbé omi àdúrà wá, ó fẹ́ wọ́n ọn sára firíìjì náà. Mo di ìgò mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀mí tí ẹ fẹ́ lé yìí, omi gan-an ló fẹ́ràn jù."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí. Ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri yín. Ojú mẹ́ta ló ní. Méjì ìsàlẹ̀ ni iná ń gbà wá tó sì ń gbà padà. Ọ̀kan òkè ni ti ilẹ̀, òun ni àwọn rewáyà ń pè ní áàtì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbé irú sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí jáde ní 1947 bọ̀wọ̀ fún ojú òkè yẹn. Wọ́n jẹ́ kí irin tirẹ̀ lára pílọ́ọ̀gì gùn ju méjì yòókù lọ, kó lè ṣáájú wọn wọlé, kó sì kẹ́yìn wọn jáde, bí àgbà tó ń kó ọmọ kiri. Òun náà ló ń ti ìdérí ihò ìsàlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí àwọn ọmọ tó lè wọlé. Nílé tiwa, ọlá yẹn ti wọmi. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ojú òkè ń ṣe ni pé ibẹ̀ ni wọ́n ń ki ọmọrí báírò bọ̀, kí ìsàlẹ̀ lè lanu fún ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ọjọ́ tí mo ká ṣíbí mọ́ àwọn ìbejì lọ́wọ́ níbẹ̀ ni mo fi ohùn mi ṣòfò. Ojú kẹta là sílẹ̀ gbagada, kò ríran. Kò sí wáyà kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀mí wa wà. Wáyà kan ti gbó nínú firíìjì wa, ó fara kan páànù. Ká ní ilẹ̀ ń dáhùn ni, iná náà ì bá gba ibẹ̀ wọlẹ̀ lọ, ohun tó ń ṣọ́ iná ì bá sì já a. Ṣùgbọ́n kò rọ́nà. Ó wá jókòó sára páànù bí agbowó-orí lẹ́nu bodè, ó ń retí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹni náà ni wáyà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe wáyà ilẹ̀ nínú ilé tí èmi fúnra mi ń sanwó rẹ̀.

Mo pe àbúrò mi tó kọ́ iṣẹ́ iná ní pólì. Mo ní ṣebí fíúsì wà nínú pílọ́ọ̀gì, kí ló ń wò? Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ̀gbọ́n mi, fíúsì kò mọ̀ yín rí. Wáyà ló ń ṣọ́, kó má baà gbóná jóná." Áńpù 13 ni wọ́n kọ sí i lára. Bẹ́ẹ̀ mílíáńpù 30 péré, bó bá gba àyà kọjá, lè da ọkàn èèyàn rú. Mo mú bébà, mo ṣírò rẹ̀. Áńpù 13 jẹ́ mílíáńpù 13,000. Kí fíúsì tó gbà pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀, iná á ti rí èyí tó tó fún irú mi tó ju irinwó lọ.

Ojú ń kán mi, mo pe rewáyà àdúgbò. Ó ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó bá wáyà pupa àti dúdú níbẹ̀, àwọ̀ ayé àtijọ́. Aláwọ̀ ewé kò sí. Ó ní kékeré ni. Ó gé wáyà tí kò gùn ju ìka lọ, ó fi so ẹnu áàtì mọ́ ẹnu níútírà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, ó dé e padà. Ó ki ẹ̀rọ kékeré olójú iná mẹ́ta kan bọ̀ ọ́, iná rẹ̀ tàn bó ṣe yẹ kó tàn. "Ọ̀gá mi, áàtì ti dé." Mo sanwó, mo tún fún un lówó ọtí.

Nígbà tí mo ròyìn fún àbúrò mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí n lọ pa iná ilé lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó ní níútírà ni iná ń gbà padà. Bó bá já níbì kan, ìbáà jẹ́ nínú ògiri tàbí lórí òpó, iná tó fẹ́ padà sílé á gba wáyà kúkúrú yẹn bọ́ sára páànù firíìjì, 230 fólítì gbáko. Èyí tó ti ń gbé wa tẹ́lẹ̀, eré ọmọdé ni. Ẹ̀rọ olójú mẹ́ta kò sì lè tú u fó, torí pé irọ́ yẹn jọ òtítọ́ lójú rẹ̀. Mo sanwó fún ẹni tó bá mi ki ìbọn, ó sì dojú rẹ̀ kọ mí.

Lọ́jọ́ Sátidé, àbúrò mi dé. Ó yọ wáyà kúkúrú náà, ó sọ ọ́ nù. Lẹ́yìn náà, ìdí bọ́ọ̀dù mítà ló lọ. Ẹ wò ó, wáyà ilẹ̀ wà níbẹ̀! Aláwọ̀ ewé, ó nípọn, ó la ògiri jáde síta. A tọ̀ ọ́ bí ọdẹ tó ń tọ ipasẹ̀ ẹran. Ó sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, ó dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ìyá ìsàlẹ̀, ó lọ́ mọ́ ìṣó kan, ó parí. Aṣọ tí wọ́n fi ń nu àwo ló wà lórí ìṣó náà. Gbogbo ilé yìí, òkè àti ìsàlẹ̀, aṣọ ìnuwo la so ó mọ́.

"Irin rẹ̀ dà?" Àbúrò mi ń wá irin gígùn tí wọ́n fi bàbà bò, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, tí wọ́n máa ń gbá wọnú ilẹ̀, tí wáyà yẹn yẹ kó dì mọ́. A lọ bi bàbá onílé. Wọ́n ronú títí. "Àbí irin tó wà lẹ́bàá ògiri nígbà tí a fẹ́ da kọnkéré sí àgbàlá? Àwọn lébìrà yọ ọ́. Irin gidi ni, n kò jẹ́ kí wọ́n jù ú nù." Wọ́n mú wa lọ sẹ́yìnkùlé. Irin wa rèé nínú ilẹ̀ rírin lẹ́bàá tánkì omi, wọ́n gbá a wọlẹ̀ dáadáa. Okùn wà lọ́rùn rẹ̀, àgbò wà lẹ́nu okùn, ó ń jẹ èèpo iṣu, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Nínú gbogbo ilé wa, àgbò nìkan ló ní áàtì.

Bàbá onílé gbà kí a tú àgbò lọ sídìí igi gúáfà. Àbúrò mi ní kí irin dúró síbi tó wà, torí ilẹ̀ ibẹ̀ kì í tètè gbẹ lọ́gbẹlẹ̀. Owó wáyà ńkọ́? Wọ́n ní èmi ni kí n san án, ṣebí èmi ni iná ń gbé. Ibi tí owó mi mọ ni a fa wáyà olókùn mẹ́ta dé: ilé ìdáná àti ibi tí a ti ń lọ aṣọ. Àbúrò mi fi ọ̀dà pupa sàmì sí àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì yòókù. Ohun tó bá ní igun mẹ́rin kékeré nínú igun mẹ́rin ńlá lára nìkan ni kí a máa ki bọ ibẹ̀, bíi ṣájà fóònù. Ó ní irú wọn wọ ẹ̀wù méjì, wọn kì í wá ilẹ̀. Áyọ́ọ̀nù àti kétù, ó di èèwọ̀. Mo ní ṣé ẹ́kísítẹ́ńṣọ̀n olójú mẹ́ta kò lè gbà wá ni? Ó ní ẹ́kísítẹ́ńṣọ̀n kì í jogún ohun tí ìyá rẹ̀ kò ní.

Mo rò pé ó tán. Kò tán. Ó wọn bí ilẹ̀ wa ṣe ń dí iná lọ́nà tó, ó bọ́ sí óòmù 50. Ẹ pín 230 sí ọ̀nà 50, áńpù 4.6 ni. Bírékà wa, 32 ni. Á wo 4.6 yẹn bí erin ṣe ń wo eṣinṣin. Ìdí nìyẹn tó fi so RCD mọ́ ọn. Akápò ẹgbẹ́ ni RCD. Ó ń ka iná tó jáde, ó ń ka èyí tó padà. Bí èyí tó padà bá fi mílíáńpù 30 dín, kò ní béèrè ẹni tó mú un, á kàn tilẹ̀kùn. Ó ní kódà níbi tí kò sí wáyà ilẹ̀, RCD ṣì lè gbani, ṣùgbọ́n iná á kọ́kọ́ gbá yín létí kó tó já. Wáyà ilẹ̀ ló ń jẹ́ kó já kí ọwọ́ yín tó débẹ̀. Ó ní kí n máa tẹ bọ́tìnnì ara rẹ̀ wò lóòrèkóòrè, kó má baà sùn lẹ́nu iṣẹ́.

A tan iná. Firíìjì hùn lẹ́ẹ̀kan, tá! Ilé ṣókùnkùn. A tún un tàn, tá! A yọ firíìjì, iná dúró. A gbé áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, tá! Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń lù wá ní kọ̀rọ̀, wọ́n sì ń jẹ́wọ́ ní gbangba lọ́jọ́ kan.

Ẹ rò pé wọ́n kí mi kú iṣẹ́? Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, kí ẹ tó gbé nǹkan yìí wá, gbogbo ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́." Mo ní firíìjì ń gbé wa. Ó ní, "Ó ń gbé wa, ṣùgbọ́n ó ń mú omi tutù." Àna mi tẹ̀ mí láago láti Ìsẹ́yìn. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ yọ akápò náà, àwọn á máa wọ bàtà. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ. Firíìjì wa dalẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ọjọ́ tí ilẹ̀ dé ló bá a lọ. Owó òmíràn ni mò ń wá báyìí.

Lánàá, bàbá onílé kan ilẹ̀kùn. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n béèrè àwọn ìbejì. Wọ́n ní Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àgbò méjì ni àwọn ń rà lọ́dún yìí, igi gúáfà kò sì ní lè gba méjì. Ṣé n kò ní bínú bí àwọn bá yá irin àwọn lò fún ọjọ́ mẹ́ta?

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Sílípáàsì rọ́bà ṣì wà níbẹ̀.