Orúkọ Ìyá Mi Kò Lè Dé Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ gbà mí o. Ọṣẹ dúdú ni mò ń sè ní Kumasi, ọjà Kejetia ni mo ti ń tà á. Eérú èèpo kòkó àti àdín, bí ìyá mi ṣe ń sè é náà nìyẹn. Àwọn Aṣáńtí kì í pè é ní ọṣẹ dúdú. Alata samina ni wọ́n ń pè é, àwa sì ni Alata: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá àtàwọn ará Nàìjíríà yòókù láyé àtijọ́. Ní 1969, ìjọba Busia ti Ghana ní kí àjèjì tí kò níwèé kúrò nílùú láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Bàbá mi kó ẹrù. Orúkọ wa ò kó ẹrù ní tiẹ̀, orí ọṣẹ ló jókòó sí.

Èmi tí mo padà wá bá orúkọ yẹn ńkọ́? Mo lọ bá lọ́yà kan ní Adum pé kó bá mi fi alata samina ṣe àmì ọjà. Ó rẹ́rìn-ín. "Papa, orúkọ ọjà gan-an nìyẹn. Ẹnì kan ò lè dá a ní." Àwa ni wọ́n fi sọ ọṣẹ lórúkọ, a ò sì lè ní in! Mo bá fi orúkọ ìyá mi sí i. Kíláàsì 3 ni ọṣẹ wà nínú kíláàsì àmì ọjà 45. Mo ní ó tún ń wo làpálàpá. Lọ́yà ní kí n pa ẹnu mọ́, pé tí mo bá ti pè é ní oògùn, ó di kíláàsì 5, owó mìíràn nìyẹn. Mo pa ẹnu mọ́. Ẹni tó ní làpálàpá á fúnra rẹ̀ mọ̀.

Oníbàárà wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọṣẹ láti London. Lọ́yà ní òfin ti yí padà: Ghana ti wọ àdéhùn Madrid, èyí tí wọ́n fi ń forúkọ àmì ọjà sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ní 2008, àmọ́ ó di 2014 kí wọ́n tó tún òfin ilé ṣe kó lè bá a mu. Ọdún 6! Ìyàwó ti bímọ tán kí wọ́n tó rántí pé àwọn ò tíì ṣe ìdána. Ní báyìí, fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo láti Accra sí Geneva ti tó. Owó ìpìlẹ̀ jẹ́ 653 owó Switzerland, kí wọ́n tó ka iye orílẹ̀-èdè. Bí àmì bá ní àwọ̀, 903 ni. Mo dúpẹ́ pé ọṣẹ dúdú ni mò ń tà. Bí ìforúkọsílẹ̀ ti Accra bá sì wó láàárín ọdún 5, gbogbo ti òkèèrè á bá a wó, bí ìgbà tí bàbá kú tí wọ́n ní káwọn ọmọ bá a wọ sàréè.

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo mú London, mo mú Japan. Freetown wà níbẹ̀, Monrovia wà níbẹ̀. Benin àti Togo gba ọwọ́ àjọ wọn tó wà ní Yaoundé wọlé ní 2015.

"Nàìjíríà ńkọ́?"

"Papa, Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Abuja lẹ máa lọ, fọ́ọ̀mù lọ́tọ̀, owó lọ́tọ̀."

Orúkọ ìyá mi á dé Japan tí kò mọ̀ rí, kò ní dé Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ!

Mi ò tíì gbé owó Abuja sílẹ̀ tí mo fi gbọ́ pé àbúrò mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń lẹ orúkọ yẹn mọ́ ọṣẹ tiẹ̀. Mo pè é, mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ṣé kì í ṣe ìyá tèmi náà ni?"