Ẹ Má Tíì Yìnbọn o, Mò Ń Sanwó Ọta

Wọ́n ní ó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ tí ilé-iṣẹ́ Unity sọ ní ọjọ́ Ajé, 9 oṣù Kẹwàá 2023, nìyẹn: John Riccitiello, ọ̀gá àgbà wọn, ti fẹ̀yìn tì. Ẹnikẹ́ni ò tì í o. Bí ẹni pé kì í ṣe ojú gbogbo wa ni iléeṣẹ́ náà ṣe gbaná ní oṣù tó ṣáájú, nígbà tí wọ́n ní ẹni tó bá fi irinṣẹ́ wọn ṣe géèmù, tí géèmù ọ̀hún sì tà dé ìwọ̀n kan, yóò máa san tó sẹ́ǹtì 20 nígbàkígbà tí ẹnìkan bá gbé e sórí fóònù. Wọ́n tilẹ̀ kọ́kọ́ ní bí onítọ̀hún bá yọ ọ́ kúrò, tó tún gbé e padà, owó mìíràn ni.

Ẹ̀yin tó ya ẹnu sílẹ̀, ẹ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ọta ìbọn ni.

Ní 2011, nígbà tí ọkùnrin yìí ń darí Electronic Arts (EA), ó ń ṣàlàyé ètò owó fún àwọn tó ní ìpín níbẹ̀. Ó ní bí èèyàn bá ti wà nídìí Battlefield, géèmù ogun wọn, fún wákàtí mẹ́fà, tí ọta wá tán nínú ìbọn rẹ̀, tí àwọn sì ní kó san dọ́là kan kó tó ki òmíràn, kò ní ráyè wo iye owó.

Àpẹẹrẹ lásán ni. Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ ká gbà á wò ná.

Jagunjagun sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri tó ti wó. Bọ́ǹbù ń dún lápá òsì. Ọta tán. Ìkéde yọ lójú rẹ̀: san dọ́là kan. Ó nawọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì yìn ín, mò ń sanwó lọ́wọ́." Ó tẹ nọ́ńbà káàdì. Wọ́n ní OTP, nọ́ńbà àṣírí báńkì, ń bọ̀. OTP ò dé. Ó tún béèrè, méjì já lu ara wọn, èyí tó sì tẹ̀, àkókò rẹ̀ ti kọjá. Ẹ̀gbọ́n tó wà lódìkejì ì bá ti pa á tipẹ́, ṣùgbọ́n ọta tirẹ̀ náà ti tán, owó ò sì sí nínú àkáǹtì. Ni àwọn méjèèjì bá jókòó ti ara wọn lójú ogun, wọ́n ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ohun tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń wá láti 1945, dọ́là kan ti ṣe é! Kí ni wọ́n ń dúró dè tí wọn ò fún bàbá Riccitiello ní Nobel àlàáfíà?

Ẹ má bi mí ìdí tí mo fi mọ ọ̀rọ̀ OTP tó bẹ́ẹ̀. Báńkì kan wà tó ń yọ owó mi láti fi tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi pé àwọn ti yọ owó mi.

Kó tó dé EA ní 1997, Riccitiello ti bá wọn ta Clorox, ó ta Pepsi, ó ta áísìkiriìmù Häagen-Dazs, ó darí ìsọ̀ búrẹ́dì Sara Lee. Àbí níbo ló ti rí i tí wọ́n ń dúró ti ẹni tó ra búrẹ́dì, tí wọ́n ń ka iye ìgbà tó bù ú jẹ? Ní 2012 àti 2013, àwọn òǹkàwé ìkànnì Consumerist dìbò pé EA ni ilé-iṣẹ́ tó burú jù ní Amẹ́ríkà. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, Bank of America ló bá a dé ìpele àṣekágbá, EA sì nà án! Riccitiello fipò sílẹ̀ ní EA ní oṣù Kẹta 2013. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Unity gbé e gorí àga.

Ẹ̀fẹ̀ tó báyìí. Ní oṣù Karùn-ún 2023, Unity dá òṣìṣẹ́ bí 600 dúró. Àwọn yẹn ò fẹ̀yìn tì. Wọ́n lé wọn ni. Ní ọdún tó ṣáájú, ọ̀gá yìí kan náà pe àwọn aṣegéèmù tí kì í ti ìbẹ̀rẹ̀ ro bí wọn yóò ṣe pa owó ní òmùgọ̀, kó tó wá tọrọ àforíjì. Ọmọ tó jókòó sínú yàrá gbígbóná ní Yaba, tí jẹnẹrétọ̀ ń pariwo létí rẹ̀, tó ń fi Unity ṣe géèmù lóru, òun lòmùgọ̀? Ìwà ìkà ni, kò lórúkọ mìíràn.

Ẹni tí wọ́n fi dí àyè Riccitiello fúngbà díẹ̀ nígbà náà ni James Whitehurst. Ó ti ṣe ọ̀gá rí ní Delta, àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú. Ẹ múra sílẹ̀ fún owó ẹrù.