Àwa Ará Bedlam ti Ọ̀nà Liverpool

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará Ajégúnlẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń jí kí àkùkọ tó kọ nítorí iṣẹ́ ní Àpápá tó wà nítòsí ibí! Mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́, mo ṣàlàyé fún ọ̀gá bí táńkà epo ṣe dábùú ọ̀nà Liverpool ní Àpápá, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Bedlam!" Mo ṣe bí orúkọ oògùn ibà ni.

Ọmọ mi bá mi wo ìwé atúmọ̀ èdè. Yéè! Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni o, níbi tí wọ́n bí Jésù sí! Ní 1247 ni wọ́n dá ilé ẹ̀sìn kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n fi orúkọ yẹn pè, nígbà tó yá ó di ilé àwọn alárùn ọpọlọ, ẹnu òyìnbó gé orúkọ náà kúrú di Bedlam, ariwo inú ibẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe rúdurùdu títí dòní. Láyé ìgbà náà, àwọn ará ìlú a máa wá wòran wèrè níbẹ̀, wọn a fi owó sílẹ̀, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a lọ jẹun.

Èmi ni ọ̀gá wá fi wé wèrè? Èmi tí mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì mi?

Ẹ tiẹ̀ bá mi wò ó: mo há sínú dáńfó, tírélà lọ́tùn-ún, kọ̀ńténà orí rẹ̀ kò ní ohun tó dè é, táńkà lósì, adágún omi níwájú, wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò ní Àpápá láti oṣù kẹfà 2022, ó ku kí n hu ìyẹ́, awakọ̀ tírélà sì tẹ́ ẹní sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó ń hanrun, ṣòkòtò tó fọ̀ ń gbẹ lára dígí, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ń se ẹ̀wà, lójú títì tí mo ń san owó orí lé lórí! Ní 2021, àwọn aláṣẹ èbúté gbé ẹ̀rọ tí yóò máa pe tírélà wọ èbúté lọ́kọ̀ọ̀kan jáde, wọ́n sọ ọ́ ní Ètò. Orúkọ náà dára.

Àwọn wèrè Lọ́ńdọ̀nù tiẹ̀ ń pa owó wọlé fún onílé! Tèmi, ọ̀fẹ́ ni ẹni tó ń ta gàlá ń wò mí, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo san owó ọkọ̀, ṣéńjì mi ò sì tíì jáde, kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń gbá irin ọkọ̀ gbàgàgbàgà: "Ẹ sún sọ́hùn-ún, bàbá, ẹnì kan ló kù!"