Ìjàpá Jókòó Níwájú

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Alágẹmọ baba eléré.

Ẹ ti gbọ́ bí Ìjàpá ṣe tan Erin títí tí Erin fi jìn sí ọ̀fìn. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà máa ń parí àlọ́ náà sí, wọ́n á ní kí ọmọdé lọ sùn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Erin jìn, ta ló wá jókòó sórí àga? Ìjàpá ni. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fòyà, òun kàn ń bá Erin ṣọ́ àga ni. Ó ṣọ́ ọ, ó ṣọ́ ọ, títí àga fi mọ́ ọn nídìí.

Nígbà tó yá, Ìjàpá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó sọ ọ́ ní Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìyá Kan. (Ẹkùn àti Ewúrẹ́ wà nínú rẹ̀ o. Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe ń jókòó ìpàdé.) Ó ní ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ kò lè dùn láìsí eré. Ó ránṣẹ́ pe Alágẹmọ.

Alágẹmọ kì í ṣe ọmọdé nídìí eré. Ó ti ṣe ọlọ́pàá rí, ó bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀ kó lè máa rí aṣọ púpọ̀ wọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń jó, ìyàwó rẹ̀ ló ń kọrin, ìyàwó rẹ̀ ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ìjòyè a máa bú u pé kò ní àwọ̀ kan pàtó. Òun náà á ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí òun bá pàwọ̀ dà lálẹ́, òun á bọ́ ọ kílẹ̀ tó mọ́. Àwọn tó ti inú ẹgbẹ́ Erin sá wọ ẹgbẹ́ Ìjàpá kì í dáhùn ìyẹn.

Ọjọ́ pé. Ìjàpá jókòó níwájú, lórí àga onítìmùtìmù, Yánníbo lọ́tùn-ún, Òkété lósì, ẹran díńdín níwájú wọn. Alágẹmọ bọ́ sójú agbo. Ó ní eré òun kò kan ẹranko kankan, ìlú àwọn ẹyẹ ni òun ti mú un wá. Ó dá orin:

Ẹyẹ kan gbẹ́ kòtò lóru,
*Gbangba là á sọ ọ́.*
Ó tẹ́ní lé e, ó ní kọ́ba jókòó,
*Gbangba là á sọ ọ́.*
Ọba jìn tán, ó ń ṣèdárò,
*Gbangba là á sọ ọ́.*
Omijé ò mà dẹ́rẹ̀kẹ́,
*Gbangba là á sọ ọ́.*

Agbo gbè é. Àgùntàn tí kì í dá sọ́rọ̀ ìlú gbè é. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, òógùn ti bo Ìjàpá nínú igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wò ó. Mo fẹ́ kí ẹ di èyí mú: kò sẹ́ni tó wò ó. Alágẹmọ ni gbogbo ojú ń wò. Ìjàpá fúnra rẹ̀ ló fò dìde, tó nàka.

“Alágẹmọ, ta lò ń bá wí?”

“Kábíyèsí, ẹyẹ ni.”

“Irọ́ ni! Èmi ni!”

Ìgbà náà ni gbogbo agbo tó yíjú sí i. Ìjàpá bínú jáde, àwọn ìjòyè wọ́ tẹ̀ lé e. Òkété náà jáde, ó tún sáré padà wá kó ẹran.

Ẹ jẹ́ kí n ya kúrò nínú igbó díẹ̀. Ní 1964, Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n, Akíntọ́lá tó jẹ́ igbá kejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú tẹ́lẹ̀ ń ṣèjọba Ìwọ̀-Oòrùn, Hubert Ogunde ọmọ Ọ̀sọ̀sà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, sì gbé *Yorùbá Ronú* sórí ìtàgé: ọba kan, àti igbá kejì tó dà á. Ìjọba ní kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ojú Ogunde ti rí irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì 1945 ó ṣe *Strike and Hunger*, ó sì sanwó ìtanràn lórí rẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì. Nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà 21 ní Enúgu ní 1949, ó ṣe *Bread and Bullet*. Bí òyìnbó tí kò gbọ́ Yorùbá bá mọ̀ pé òun ni eré ń bá wí, ọmọ Yorùbá á ṣe ṣàìmọ̀?

Ẹ padà sínú àlọ́.

Ilẹ̀ mọ́, Ìjàpá ṣòfin: láti ìdí ìrókò títí dé etí odò, Alágẹmọ kò gbọdọ̀ jó, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kọ orin rẹ̀. Ó ní kí Àkùkọ lọ kéde. Àkùkọ lu agogo lọ́jà, ó ní ọba ní ká má kọ orin kan mọ́. Ìgbín kò dé ibi eré. Ó ṣì wà lójú ọ̀nà ni. Ó béèrè: “Orin wo?”

Àkùkọ rò ó. Bí wọn ò bá mọ orin náà, wọ́n lè ṣèèṣì kọ ọ́. Ó bá na ọrùn:

Ẹyẹ kan gbẹ́ kòtò lóru,

Gbogbo ọjà gbà á:

*Gbangba là á sọ ọ́!*

Bí Àkùkọ ṣe kéde kiri àdúgbò méje nìyẹn. Abúlé tí orin náà kò tí ì dé, òfin ló gbé e débẹ̀.

Alágẹmọ kó ẹrù, ó sọdá odò. Òfin Ìjàpá kò dé òdìkejì. Ó tún eré mìíràn ṣe níbẹ̀ (Ogunde sọ tirẹ̀ ní *Òtítọ́ Korò*), àwọn ẹranko sì ń wọ́dò lálaalẹ́ lọ wò ó.

Ibi tó dùn mí ló kù. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, wọ́n ní kí ẹranko dìbò. Ìjàpá ló ka ìbò. Ó ka gbogbo ojú-ìlà ẹ̀yìn ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ó wọlé. Ni igbó bá gbaná. Àwọn tó gbọ́njú ní 1965 mọ ohun tí wọ́n ń pè ní wẹ́tìẹ̀: wọ́n á wọ́n epo sílé, wọ́n á wọ́n epo séèyàn, wọ́n á ṣáná. Ọ̀bọ gbé kẹ́rosíìnì. Àgùntàn mú ìṣáná dání. Orin wo ni wọ́n ń kọ lọ? Ti Alágẹmọ ni. Iná náà jó ilé mọ́ Ìgbín lẹ́yìn, Ìgbín tí kò wòran, tí kò dìbò.

Mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé eré Ogunde yẹn la Yorùbá lójú. Ẹnu mi kò gbà á tán. Ó ní kí wọ́n ronú. Wọ́n gbè é. Nínú gbogbo èrò ọjọ́ náà, Ìjàpá nìkan ni eré yé, nítorí òun nìkan ló rí ara rẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní 1966, àwọn ṣójà pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn. Ní oṣù Kejì, ìjọba ológun Fájuyì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin tó de Ogunde.

Nínú igbó, òjò ló pa iná. Ìjàpá ti lọ. Alágẹmọ padà wá, ó to àga. Èrò kún dé ẹ̀yìn, ọmọdé gun igi, àga onítìmùtìmù iwájú nìkan ló ṣófo. Alágẹmọ ní kí ẹni tí kò bá ráyè bọ́ síbẹ̀. Àgùntàn wo Ọ̀bọ. Ọ̀bọ wo Òkété. Kò sẹ́ni tó lọ.

Alágẹmọ dá orin. Wọ́n gbè é láti ẹ̀yìn.