Bí Mo Ti Bẹ́ Orí Orin Àpàlà

Àgbà tí ó ṣìṣe tí ó sì fi àṣìṣe náà pamọ́, gbèsè ni ó ń jẹ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹlòmíràn má baà fi ẹsẹ̀ kọ kùkùté tí ó gbé mi ṣubú, mo jókòó lónìí láti jẹ́wọ́ ohun tí èmi, ẹni tí irun ti funfun lórí rẹ̀, fi ọwọ́ ara mi ṣe sí orin àpàlà Hàrúnà Ìṣọ̀lá ní ọdún 2009.

Oore ni ó fa ọ̀ràn náà. Nígbà tí ọmọ àbúrò mi rí i pé awo orin mẹ́fà tí mo kó jọ nígbà èwe mi ti di ibùgbé aláǹtakùn, ó fi wáyà so gíramafóònù mi mọ́ kọ̀ǹpútà, ó gba àwọn orin náà sílẹ̀, ó sọ wọ́n di fáìlì MP3, ó sì kó wọn sínú ẹ̀rọ orin kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Mo ki ẹ̀rọ náà bí ó ti yẹ kí á ki ọmọ àlejò: kékeré bí ẹyọ obì, agbé-ẹgbẹ̀rún-orin-mì-má-yó, aláìlẹ́nu tí ń kọrin, o la àárín ọjà já ẹnìkan kò gbọ́, olówó rẹ nìkan ni ó ń mi orí bí alángbá.

Ṣùgbọ́n orin náà kò dún tó. Inú ọkọ̀ tí ó ń ti Bódìjà lọ sí Dùgbẹ̀ ni mo ti mọ̀: agídìgbo ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tí ó wà ní ìyẹ̀wù kẹta, ni mo bá yí ohùn rẹ̀ sókè títí ó fi dé òpin. Bí àpàlà ti parí báyìí, fújì tuntun kan tí ọmọ náà kó mọ́ ọn láìwí fún mi bú gbàmù nínú etí mi méjèèjì, mo fò sókè, orí mi kan òrùlé ọkọ̀, mo sì figbe ta pé, "Ẹ dúró o! Ọkọ̀ ti gbiná!" Awakọ̀ dúró, àwọn èrò bẹ́ sílẹ̀ gìrọ́gìrọ́, nígbà tí wọ́n wá iná tì, tí wọ́n sì rí okùn tí ó rọ̀ sílẹ̀ létí mi, ohun tí wọ́n sọ nípa ìran tí ó bí mi kò ṣeé kọ sínú ìwé.

Ìtìjú kò jẹ́ kí n pe ọmọ náà. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo ṣí Audacity, ètò tí a fi ń tún ohùn ṣe, tí mo ti rí i tí ó ń lò, mo mú awo tí mo fẹ́ràn jù, mo sì tẹ Normalize, èyí tí í máa gbé orin sókè títí ìró tí ó ga jù nínú rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Kò sí ohun tí ó yí padà. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, àfi bí ẹni ń pọn omi sínú agbọ̀n. Nígbà náà ni mo yà sọ́dọ̀ Amplify, níbi tí ènìyàn ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí ó fẹ́. Mo kọ 20 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, nítorí mo rò pé 20 kò pọ̀, láìmọ̀ pé ìlọ́po mẹ́wàá ni 20 yẹn ń sọ gíga ìgbì ohùn dà. Bọ́tìnnì OK ṣú lójú, ó kọ̀ jálẹ̀. Nítòsí rẹ̀ ni mo rí àpótí kékeré kan tí wọ́n kọ Allow clipping sí lára. Clipping kẹ̀? Mo ní ṣebí iṣẹ́ onígbàjámọ̀ nìyẹn. Orin tí ó ti pẹ́ tó báyìí, irun orí rẹ̀ yóò ti kún, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá a gé e! Mo maaki àpótí náà, bọ́tìnnì yọjú, mo ṣe ojú awo méjèèjìlá bẹ́ẹ̀ tán; nígbà tí kọ̀ǹpútà sì bi mí bóyá kí òun pa àwọn fáìlì àtijọ́ rẹ́, mo dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Láìdán an wò, mo gbé e lọ sí ìpàdé ẹbí lọ́jọ́ Àìkú, mo so ó mọ́ gbohùngbohùn, mo sì ní kí àwọn àgbà wá gbọ́ orin ayé ọjọ́un. Agídìgbo dún bí agolo tí ọmọdé ń wọ́ lórí títì ọlọ́dà. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń ha bí ẹni ń yan gàrí. Ohùn Hàrúnà, ohùn oyin, ń jáde bí ti ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ṣí fìlà, ó wò mí títí, ó ní, "Àbúrò, kí ni ọkùnrin yìí fi ṣẹ̀ ọ́?"

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo wá ọmọ náà lọ. Ó gbọ́ ìṣẹ́jú kan péré, ó ní, "Bàbá mi, ẹ kò gé irun o, orí lẹ bẹ́." Ó là mí lọ́yẹ̀ pé nọ́mbà ni irú ẹ̀rọ yìí fi ń ka gíga ohùn bí ó ti ń tú orin jáde, èyí tí ó ga jù kò sì lè kọjá 32,767, ìgbì tí a bá tì kọjá ibẹ̀ kì í ga sí i, ṣóńṣó rẹ̀ ni a ń gé pẹrẹsẹ, pẹrẹsẹ náà ni etí sì ń gbọ́ bí ìhá. Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya.

Mo ní kí ló wá dé tí Normalize fi kọ̀? Ó fi àwòrán ohùn náà hàn mí, láti inú fáìlì kan tí ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀: pápá koríko kúkurú lọ gbọọrọ, ṣùgbọ́n láàárín rẹ̀, ìlà tín-ín-rín kan nà ró ṣánṣán bí abẹ́rẹ́, ó ti fi orí kan àjà. Ojú ọgbẹ́ awo ni, "pá" kan ṣoṣo. Nítorí pé òun ti dé òkè, gbogbo orin yòókù kò lè gòkè mọ́. Mo dákẹ́, nítorí mo mọ ọgbẹ́ náà. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ àkọ́bí mi ni mo ń jó, tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ tí ó gbòde nígbà náà fi kọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, tí abẹ́rẹ́ gíramafóònù sì fi ya ojú awo kọjá. Ohun tí mo ń wá lọ sí Sókótó, ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi gan-an ni ó dá a sílẹ̀.

Ìyà mi ni pé a tún gbogbo rẹ̀ gbà. Kò sí ìkánjú nínú iṣẹ́ yìí: ojú awo tí ó ń lo bíi 20 ìṣẹ́jú, 20 ìṣẹ́jú náà ni kọ̀ǹpútà yóò fi gbà á, wákàtí mẹ́rin gbáko ni mo sì fi jókòó ń yí awo padà bí ẹni ń yí àkàrà. Ọmọ náà yọ "pá" kúrò, ó sì fi MP3Gain tí Glen Sawyer ṣe parí rẹ̀, èyí tí kì í wo ṣóńṣó kan ṣoṣo bí kò ṣe bí orin ti ń dún létí látòkèdélẹ̀: ó gbé àpàlà sókè, ó rẹ fújì sílẹ̀, 1.5 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo wọn fi sún mọ́ 89 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ ni a sì lè dá a padà bí kò bá tẹ́ wa lọ́rùn. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nítorí náà, kí o tó pariwo mọ́ orin rẹ, wá ẹyọ kan tí ó ti ń pariwo jù nínú rẹ̀, kí o sì da fáìlì àkọ́gbà kọ síbòmíràn. Tèmi wà nínú kọ̀ǹpútà ọmọ náà. Ó ti fi páásíwọ́ọ̀dù tì í, kò sì tíì sọ ọ́ fún mi títí di òní.