Aago Aṣòfófó

Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn alátẹ ìsàlẹ̀ Mápó. Èmi kì í ṣòfófó. Ẹnu ọ̀nà ni àtẹ ata mi wà, ẹni tó bá sì fẹ́ wọ agboolé wa ní Bẹẹrẹ, Ìbàdàn, iwájú mi ni yóò gbà kọjá. Ṣé kí n wá dijú ni?

Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé ni. Àbúrò ọkọ mi ni, Akọ̀wé sì ni orúkọ tí mo sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bu omi sí mi lẹ́sẹ̀ wọlé. Wọ́n ti bí i kí n tó dé, nítorí náà "ẹ" ni mo ń pè é lójú ara rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká máa bọ́rọ̀ lọ.

Akọ̀wé ra aago. Kì í ṣe aago bí aago o, smáàtìwọ́ọ̀ṣì ni. Ó ń tàn yanran, ó ń gbọ̀n rìrì lọ́rùn ọwọ́, ó ń ka ìṣísẹ̀, ó ní òun tún ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Fóònù ńlá tó ṣì ń san gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ wà lápò, ó tún lọ ra aago tí yóò máa tún ọ̀rọ̀ fóònù sọ. Mo bi í pé, "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, kí laago yìí fẹ́ ṣe tí fóònù yín ò lè ṣe?" Ó ní mi ò lajú.

Ó dáa, mi ò lajú. Ṣùgbọ́n aago ti wọ ilé yìí kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ wọn. Ọdún 1975, nígbà tí owó Údójì jáde, tí ìjọba kó owó oṣù ẹ̀yìn lé àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀yin náà ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè ohun tójú rí. Àwọn kan ra alùpùpù, àwọn kan ra rẹ́díò tó ga tó àpótí aṣọ, àwọn kan fẹ́ ìyàwó lé ìyàwó, àwọn wọ̀nyẹn ló kọ́kọ́ kábàámọ̀. Bàbá ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì Agodi, Seiko 5 ni wọ́n rà. Aago yẹn ò ní bátìrì, ẹnikẹ́ni kì í sì í yí i. Bí ẹ bá ti so ó mọ́wọ́ tí ẹ ń ju apá, ara rẹ̀ ló ń fún ara rẹ̀ lágbára. Bàbá ti lọ, Ọlọ́run kẹ́ wọn, ọkọ mi ló ń so aago náà lọ Jímọ̀ báyìí, ó sì ń lọ gẹ́rẹ́.

Ti Akọ̀wé, iná ló ń jẹ. Ẹ sì mọ iná tiwa níhìn-ín. Apple tó kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ sọ́jà ní 2015, àwọn fúnra wọn ló sọ pé bíi wákàtí 18 ni bátìrì rẹ̀ ń gbé nígbà náà. Bí wọ́n bá múná lọ láàárọ̀ Mọ́ńdè tí wọn ò dá a padà títí di Wẹ́sìdeé, kí lẹ so mọ́wọ́ yẹn? Ẹ̀gbà ni. Lóòótọ́, àwọn olówó pọ́ọ́kú ń gbé ọjọ́ bíi mélòó kan, irú rẹ̀ sì ni Akọ̀wé rà. Àmọ́ wáyà tí wọ́n fi ń ṣáàjì rẹ̀ kì í ṣe ti fóònù, mágínẹ́ẹ̀tì ló fi ń lẹ̀ mọ́ ìdí aago. Kò tíì pẹ́ tó rà á tí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì agboolé wa mú wáyà náà, tó fi ń ṣa ìṣó lẹ́yìn ilé bíríkìlà àdúgbò wa. Akọ̀wé wá irú rẹ̀ dé Queen Cinema, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wú.

Ohun tí àwọn tó ń tà á kì í sọ ni pé ọmọ ọ̀dọ̀ fóònù laago yìí. Ohun tí ọ̀gá bá rán an ló ń jẹ́. Bluetooth ló so wọ́n pọ̀. Ẹ gbé fóònù sí iyàrá kí ẹ lọ jókòó sídìí kànga, aago ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Àwọn kan wà tó ní síìmù tiwọn, ṣùgbọ́n owó wọn kì í ṣe owó alátẹ ata. Ọmọ ọ̀dọ̀ náà tún ń yan ọ̀gá. Apple kì í bá fóònù mìíràn ṣe àfi iPhone. Ti Samsung, láti orí Galaxy Watch4 tó jáde ní 2021, kò gba iPhone mọ́.

Ẹ bi Ìyá Ìbejì, tọ́mọ rẹ̀ fi wáyà ṣa ìṣó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Peckham ní London fi Apple ránṣẹ́ sí i, ojúlówó, nínú páálí funfun. Gbogbo ilé dìde, a kí i kú oríire. Tecno ni Ìyá Ìbejì ń lò. A to méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ wá wò ó lóde ìnáwó báyìí: ó wọ léèsì, ó wé gèlè, ó so òkú aago mọ́wọ́, ó sì ń gbé ọwọ́ náà sókè bó bá fẹ́ náwó fónílù. Níbi ìyàwó kan báyìí ni obìnrin kan ti bi í pé aago mélòó ló lù. Ìyá Ìbejì wo ọwọ́ rẹ̀ pẹ́, ó ní, "Ó ti tó àkókò ìrun." Ẹ̀rín pa mí débi pé mo da ẹran nù.

Akọ̀wé ní ti òun yàtọ̀, torí ìlera lòun ṣe rà á. Ìṣísẹ̀ 10,000 lóòjọ́, ó ní dókítà ló sọ ọ́. Dókítà wo? Ilẹ̀ Japan ni iye yẹn ti wá. Ní 1965, ọdún tí wọ́n ṣí Cocoa House ní Dùgbẹ̀ yìí náà, ilé iṣẹ́ Yamasa ṣe ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ìṣísẹ̀, wọ́n fi 10,000 sínú orúkọ rẹ̀, ó dùn-ún gbọ́, ọjà tà. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2019 lórí àwọn ìyá àgbà tó lé ní 16,000 fi hàn pé ikú tó ń pa àwọn tó ń rìn tó 4,400 lóòjọ́ kéré gan-an sí ti àwọn tí kò ju 2,700 lọ. Nígbà tó sì fi máa dé bíi 7,500, èrè rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ lé sí i mọ́. Ìyá Ẹlẹ́kọ tó ń gbé igbá gun òkè Mápó lọ bọ̀ lójoojúmọ́, ṣé aago ló sọ fún un kó rìn? Gbọ̀ngàn tí òyìnbó Taffy Jones kọ́ sórí òkè yẹn, tí wọ́n ṣí ní 1929, àwọn ìyá wa ti ń gun ibẹ̀ tipẹ́ láìsí ẹni tó kà á fún wọn.

Kíkà ọ̀hún gan-an ńkọ́? Ọwọ́ téèyàn ń jù ni aago ń wò. A so ó mọ́ Ìyá Ẹlẹ́kọ lọ́wọ́ kan, ọwọ́ tó fi di igbá mú; obìnrin lọ, ó bọ̀, òógùn bò ó, aago ní kò tíì ṣe nǹkan kan láti àárọ̀. A so ó mọ́ ìyàwó Akọ̀wé tó jókòó sórí àpótí tó ń ro àmàlà. Kí àmàlà tó jinná, aago ti ní ó ti ń rìn lọ sí Mọ́níyà.

Èyí tó bí mi nínú ni ti Ìyá Àgbà, ìyá Akọ̀wé. Ìyá Àgbà ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń lo oògùn. Akọ̀wé so aago mọ́ wọn lọ́wọ́, aago gbé iye kan jáde, ó ní gbogbo ẹ̀ dáa. Ìyá Àgbà ní, "Tó bá dáa bẹ́ẹ̀, kí ni mo ń gbé oògùn kíkorò mì sí?" Bí wọ́n ṣe ti ike oògùn sábẹ́ ìrọ̀rí nìyẹn. Mo rí wọn. Mo ti sọ fún yín pé mi ò lè dijú.

Ẹ yí aago náà padà kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé kékeré ló wà níbẹ̀, tó ń ṣẹ́jú. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ń wọnú awọ, ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá ń gbé díẹ̀ mì nínú rẹ̀, èyí tó bá ta padà ni aago fi ń mọ bí ọkàn ṣe ń lù. Ìyá Àgbà sì rèé, kọ́lọ́ tí wọ́n fín nígbà ọmọge yí ọrùn ọwọ́ wọn ká, ó dúdú minimini títí dòní. Apple fúnra wọn sọ ọ́ pé àwọ̀ tí wọ́n fín sára lè dínà ìmọ́lẹ̀ yẹn. Awọ dúdú lásán pàápàá, láìsí kọ́lọ́: ní 2021, àjọ FDA tó ń mójú tó oògùn àti ohun èlò ìṣègùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti fi ka atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ lè ṣì í kà lára aláwọ̀ dúdú, ìmọ́lẹ̀ lòun náà sì ń lò.

Ti pé ó ń ka lílù ọkàn, a gbà. Àwọn olówó gọbọi nínú wọn ń ṣe ìyẹn dáadáa. Yunifásítì Stanford kó àwọn èèyàn tó lé ní 400,000 jọ láti fi wo bóyá aago lè fura sí ọkàn tó ń lù ségesège, wọ́n sì rí i pé ó wúlò díẹ̀. Orí ẹ̀jẹ̀ ríru lọ̀rọ̀ wà. Samsung tó ní aago òun lè wò ó, òun náà ló tún ní kí ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń dì mọ́ apá, tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, tún aago náà ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin. Tí mo bá wá gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ apá nílé, kí ni mo ń wá lọ́dọ̀ aago? Ti àtọ̀gbẹ tiẹ̀ burú jù. Ní oṣù kejì ọdún 2024, FDA yẹn náà kéde pé kò sí smáàtìwọ́ọ̀ṣì kan tàbí òrùka kan tí àwọn fọwọ́ sí pé ó lè fúnra rẹ̀ wo ṣúgà láìgún ìka. Ẹni tó bá gba irọ́ aago gbọ́, tó wá gún abẹ́rẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, kò ní bá aago ṣẹjọ́.

Ẹ ò gbà mí gbọ́? A so ti Akọ̀wé mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo fẹ́ dín o. Aago rò ó, ó rò ó, ó ní 118 lórí 76. Bíríkìlà ní kí n má dín in mọ́, ara rẹ̀ le ju tòun lọ.

Ọjọ́ kejì ni mo mú Ìyá Àgbà lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ìlú tí ilé ìwòsàn UCH wà, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ wádìí ẹ̀jẹ̀ ríru kó tó kú ní 2020, àwa la wá ń bi aago léèrè! Nọ́ọ̀sì di ẹ̀rọ mọ́ wọn lápá, ó wo iye tó jáde, ó tún un dì. Kò sọ nǹkan kan fún mi. Ìyá Àgbà ló yíjú sí, ó ní, "Màmá, níbo lẹ kó oògùn yín sí?"

Mi ò ní purọ́ mọ́ aago o, ó lẹ́ni tó yẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Ọjà'ba. Ẹ mọ èrò ibẹ̀, ẹ mọ àwọn jàgùdà tó ń fara nuni kọjá. Abẹ́ ìró ló di fóònù mọ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú ẹ̀lùbọ́, oníbàárà ní òun ti sanwó sí àkáǹtì. Láyé àtijọ́, yóò nu ọwọ́, yóò tú ìró, yóò yọ fóònù níṣojú gbogbo ayé. Báyìí, aago á gbọ̀n, ó wò ó fìrí, àlẹ́ẹ̀tì ti dé. Kìkì pé aago ò mọ àlẹ́ẹ̀tì irọ́ yàtọ̀ sí òótọ́, ohun tó bá wọ fóònù ló ń gbé jáde. Bí owó bá pọ̀, ó ṣì ń yẹ àkáǹtì wò. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá rà á, ẹ̀bi kí ló jẹ? Télọ̀ náà ńkọ́, tí ọwọ́ ò kúrò lórí máṣíìnì. Ṣùgbọ́n Akọ̀wé tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ àfi tó bá sùn! Ìrun, ládàánì ń pè é. Aago, fóònù ń sọ ọ́. Kó fowó ọ̀hún ra ẹ̀rọ apá fún ìyá rẹ̀, mo ti sọ ọ́ lójú rẹ̀, pẹ̀lú "ẹ".

Ẹ sún mọ́ mi wàyí.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ilé kejì, Akọ̀wé ń gbé ìrẹsì fáwọn èèyàn. Ó na àwo sí mi. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ yí bíríkítí, aago gbọ̀n, ojú rẹ̀ tàn kedere sábẹ́ imú mi. Mi ò kàwé púpọ̀, àmọ́ mo kà tó ìyẹn. "Kápẹ́ńtà Beyerunka" ló kọ ọ́ ránṣẹ́: "Ọkọ mi, ọmọ yín ti sùn. Ṣé ẹ ń bọ̀ lálẹ́?"

Kápẹ́ńtà!

Ìyá Ìbejì nìkan ni mo sọ fún, ọwọ́ mi ò sì sí nínú ibi tí Ìyá Ìbejì gbé e dé. Kí wọ́n tó pín mínírà, ìyàwó Akọ̀wé ti gbọ́. Kò pariwo, ọmọ Ìbàdàn ni. Nígbà tílẹ̀ ṣú, ó ní ilẹ̀kùn iyàrá àwọn ti ya, kí ọkọ òun jọ̀ọ́ mú kápẹ́ńtà rẹ̀ wá. Akọ̀wé ń tú, ó ń kàn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó mọ fóònù ní bàbá òun ìbá ti pa ìfihàn ọ̀rọ̀ náà nínú sẹ́tìn, pé kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ìṣẹ́jú yẹn ti kọjá.

Obìnrin náà bọ́ aago lọ́wọ́ ọkọ, ó so ó mọ́ tirẹ̀. Ó ní òun náà fẹ́ máa ka ìṣísẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí Akọ̀wé bá ti wọlé pẹ̀lú fóònù, ohunkóhun tó bá wọ fóònù náà, ọwọ́ ìyàwó ló ti ń gbọ̀n. Akọ̀wé lè tú fóònù àti aago kúrò lára ara wọn o, fóònù lásán ló máa fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí aago bá dákẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Nítorí náà, òkè Mápó ló ń gbé fóònù lọ báyìí kó tó dá kápẹ́ńtà lóhùn, lálẹ́, lẹ́yìn Ìṣáì. Ẹ wo òun náà bó ṣe ń bọ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ ṣe bí ẹni ń na ata.